A Kì í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Ọgọ́rùn-ún Ọdún Ìbò ní Ọgbà, Ìkẹjà àti Agége

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Òwe yìí kò fẹ́ àlàyé púpọ̀: ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni ó yẹ kí a bi léèrè kí a tó parí ọ̀rọ̀ náà. Ní ayé òde òní, ìdìbò ni ọ̀nà pàtàkì tí ìjọba ń gbà bi olórí léèrè kí ó tó gbé abẹ lé e lórí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìdìbò lè gbé síwájú ará ìlú. Èkíní ni "Ta ni ẹ fẹ́?" Èkejì ni "Kí ni ẹ fẹ́?"

Àwọn ilẹ̀ kan wà tí wọ́n ń bi ará ìlú ní ìbéèrè méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1978, àwọn olùdìbò ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà lọ sí ibùdó ìdìbò láti yan àwọn tí yóò díje dupò gómìnà. Lórí ìwé ìdìbò kan náà ni wọ́n ti bá ìbéèrè mìíràn pàdé: ṣé kí owó-orí ilé má ṣe kọjá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ilé náà tó? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà sì di òfin. Àwọn onílé tó ń gbé ní ẹ̀yìn odi àwọn ìlú ńlá wà lára àwọn tó jà fún un jù lọ.

Ọgbà náà jẹ́ ẹ̀yìn odi ìlú ńlá. Ó wà láàárín Ìkẹjà àti Agége, níbi tí ilé-iṣẹ́, ilé ìtajà, ilé ìwé àti ilé ayálégbé ti fara kínra. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́, olùkọ́, awakọ̀, oníṣòwò ọjà Sunday Market àti onílé àtijọ́ ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀. Bí ọjọ́ ìdìbò bá pé, wọn kì í bá ìbéèrè "Kí ni ẹ fẹ́?" pàdé lórí ìwé ìdìbò wọn. Orúkọ olùdíje gan-an kò sí lórí rẹ̀. Àmì ẹgbẹ́ òṣèlú àti ìkékúrú orúkọ ẹgbẹ́ nìkan ni ó wà níbẹ̀. Olùdìbò yóò ti ìka bọ tàdáwà, yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹgbẹ́ tó wù ú, yóò sì ju ìwé náà sínú àpótí.

Àròkọ yìí tọ ipa ìbò ní agbègbè yìí láti 1923 títí di 2025. Ohun tí ìtàn náà fi hàn ni pé wọ́n ti bi ará Ọgbà àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní "ta ni" lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n "kí ni" tó pinnu irú ìlú tí wọ́n ń gbé, ẹlòmíràn ni ó ń bá wọn dáhùn rẹ̀.

Olóko tí kò ní ìbò

Kí ilé-iṣẹ́ tó kún agbègbè yìí, oko ni ó kún un. Ní ìparí sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Èkó kan tí ọjà kò yá mọ́ fún bí ti tẹ́lẹ̀ kọrí sí Agége àti Ifákò, wọ́n ń gbin kòkó àti obì. Ojú irin tí ìjọba àmúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í là láti Èkó ní 1896, tó sì dé Ìbàdàn ní 1901, gba Agége kọjá, ó sì mú kó rọrùn láti gbé ire oko dé etí òkun. J. K. Coker ni ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú àwọn olóko wọ̀nyí. Ní 1907, wọ́n dá ẹgbẹ́ olóko Agége sílẹ̀, ẹgbẹ́ yìí sì kópa nínú bí ọ̀gbìn kòkó ṣe tàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá.

Ní 1922, Gómìnà Hugh Clifford gbé òfin ìṣèjọba tuntun kalẹ̀. Òfin náà ni ó kọ́kọ́ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ní àǹfààní láti dìbò yan aṣojú sí ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ìjókòó mẹ́rin péré ni ìbò kàn: mẹ́ta fún Èkó, ẹyọ kan fún Kàlàbá. Kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè dìbò. Ọkùnrin nìkan ni. Ó gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 21. Ó gbọ́dọ̀ ti gbé nínú ìlú náà fún oṣù 12. Owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò sì gbọdọ̀ dín ní £100. Ní 1923, ẹgbẹ́ NNDP ti Herbert Macaulay gba ìjókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti Èkó. Wọ́n tún gbà wọ́n ní 1928 àti 1933, kí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́, ìyẹn Nigerian Youth Movement, tó borí wọn ní 1938.

Agége àti Ìkẹjà ńkọ́? Ilẹ̀ Kóloní ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò sí nínú ààlà ìlú Èkó tí òfin ìdìbò náà mọ̀. Olóko tó fi Agége ṣe ibùgbé, bó ti wù kí kòkó rẹ̀ pọ̀ tó, kò ní ìbò. Obìnrin tó ń ta obì ní ọjà Agége kò ní ìbò, bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin tó wà láàárín ìgboro Èkó. Fún àwọn agbègbè tí kò ní ìbò, ẹni tí gómìnà bá yàn ni yóò sọ̀rọ̀ lórúkọ wọn. Nípa bẹ́ẹ̀, ìlà kan tí wọ́n fà sórí ilẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ ẹni tí a ó bi léèrè àti ẹni tí a kò ní bi. Ọ̀rọ̀ ìlà yìí yóò tún yọjú, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì.

Ìlà tó bí ilé-iṣẹ́

Ní 1951, lábẹ́ òfin ìṣèjọba tí Gómìnà Macpherson gbé kalẹ̀, wọ́n da Èkó, Ìkẹjà àti ìyókù ilẹ̀ Kóloní pọ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn, tí olú-ìlú rẹ̀ wà ní Ìbàdàn. Ìdìbò dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìkẹjà nígbà náà, ṣùgbọ́n ìdìbò alágbèékà ni: ará abúlé yan aṣojú, aṣojú lọ yan ẹlòmíràn, títí tí wọ́n fi yan ẹni tí yóò jókòó ní Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ Action Group ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni ó dá ìjọba sílẹ̀ níbẹ̀. Ní Èkó ẹ̀wẹ̀, ẹgbẹ́ NCNC ni ó gba gbogbo ìjókòó márùn-ún.

Kò pẹ́ tí ìjà fi dé lórí ẹni tó ni Èkó. Àwọn Action Group fẹ́ kó wà nínú Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn yòókù fẹ́ kó jẹ́ ti gbogbo Nàìjíríà. Ní ìpàdé tí wọ́n ṣe ní London ní 1953, mínísítà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Oliver Lyttelton, ni ó dá ẹjọ́ náà: Èkó yóò kúrò nínú Ìwọ̀-Oòrùn, yóò wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ní 1954, ìpinnu náà fìdí múlẹ̀. Ìkẹjà àti Agége kò bá Èkó lọ. Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n wà síbẹ̀. Kò sí ẹni tó gbé àpótí ìbò wá bi wọ́n pé níbo ni wọ́n fẹ́ kí ààlà gbà.

Ìpinnu yìí ni ó sọ agbègbè náà di ohun tó dà. Nígbà tí Èkó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn wá ibi tí ilé-iṣẹ́ lè wà lórí ilẹ̀ tirẹ̀, tí kò sì ní jìnnà sí èbúté. Ìkẹjà ni ó yẹ jù: ojú irin gba ibẹ̀, pápákọ̀ òfuurufú wà níbẹ̀, ọ̀nà Agége sì ń lọ tààrà sí Èkó. Báyìí ni ọgbà ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà ṣe bẹ̀rẹ̀. Òpópónà ńlá tó la àárín rẹ̀ kọjá ń jẹ́ Ọba Akran, ní ìrántí Ọba C. D. Akran ti Àgbádárìgì, tí ó ṣe mínísítà nínú ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Guinness ti ń pọn ọtí níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ ń wọ́ wá láti ilẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ Ìgbò, ilẹ̀ Edó àti òkè Ọya. Wọ́n nílò ilé. Oko Ọgbà àti Agége ń di àdúgbò. Bí a bá béèrè pé olóṣèlú wo ni ó yí Ọgbà padà jù lọ, ìdáhùn tó tọ́ lè jẹ́ pé kì í ṣe olóṣèlú kankan tí wọ́n dìbò fún, bí kò ṣe ìlà tí wọ́n fà ní London.

Síbẹ̀, Ìwọ̀-Oòrùn kan náà ni wọ́n ti fi hàn pé a lè bi ará ìlú ní "kí ni". Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 1963, wọ́n gbé àpótí ìbò lọ sí Bìní àti agbègbè Delta, wọ́n bi àwọn ará ibẹ̀ bóyá wọ́n fẹ́ kúrò nínú Ìwọ̀-Oòrùn kí wọ́n dá dúró. Ju mẹ́jọ lọ nínú mẹ́wàá àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ni ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Àárín Ìwọ̀-Oòrùn sì di ìpín ilẹ̀ kẹrin ní Nàìjíríà. Lóòótọ́, ìṣèlú wà nínú rẹ̀: ó wu àwọn tó ń ṣàkóso ní ìjọba àpapọ̀ láti dín agbára Action Group kù, Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ sì ń jẹ́jọ́ lọ́wọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n wọ́n bi olórí kí wọ́n tó fá orí rẹ̀. Òun nìkan ni ìpín ilẹ̀ Nàìjíríà tí ìbò ará ìlú dá sílẹ̀. Gbogbo ìpínlẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ní 1967, 1976, 1987, 1991 àti 1996, àṣẹ ológun ni ó bí wọn.

Ìpínlẹ̀ Èkó wà lára wọn. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, Ọ̀gágun Yakubu Gowon kéde ìpínlẹ̀ 12. Ìkẹjà, Àgbádárìgì, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ kúrò lábẹ́ Ìbàdàn, wọ́n dara pọ̀ mọ́ Èkó. Ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ yọ̀ sí i. Bí wọ́n tilẹ̀ yọ̀, ìkéde orí rédíò ni wọ́n gbọ́. Ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ wọn. Ní 1976, Ìkẹjà di olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà.

Nígbà tí "ta ni" di ọ̀nà láti dáhùn "kí ni"

Ará ìlú kì í ṣe òmùgọ̀. Bí wọn kò bá bi í ní ohun tó fẹ́, yóò fi ìdáhùn rẹ̀ sínú èyí tí wọ́n bi í. Ìdìbò 1979 jẹ́ àpẹẹrẹ rere. Ẹgbẹ́ UPN ti Awólọ́wọ̀ gbé ètò mẹ́rin jáde: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìwòsàn ọ̀fẹ́, ìdàgbàsókè ìgbèríko, àti iṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó nígbà náà, ilé ìwé kò tó. Àwọn ọmọ kan ń lọ ní òwúrọ̀, àwọn mìíràn ń lọ ní ọ̀sán nínú kíláàsì kan náà. Òbí tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: ọmọ kò sí lábẹ́ ojú ẹnikẹ́ni fún ìdajì ọjọ́.

Lateef Jákáńdè ni UPN fà kalẹ̀, òun ni wọ́n sì yàn sípò gómìnà. Ó kọ́ ilé ìwé lọ́pọ̀ yanturu, ó fòpin sí ètò òwúrọ̀ àti ọ̀sán, ó kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú káàkiri. Ìwé ìdìbò 1979 kò bi wọ́n léèrè nípa ilé ìwé. Síbẹ̀ wọ́n fi ìbò dáhùn ọ̀rọ̀ ilé ìwé, nítorí pé ẹgbẹ́ náà ti so orúkọ pọ̀ mọ́ ètò. Bí olùdíje bá fi "kí ni" ṣe ẹ̀wù wọ̀, ìbò "ta ni" lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ọ̀nà yìí ti kù díẹ̀ káàtó. Jákáńdè sọ ìjọba ìbílẹ̀ 8 tó wà ní ìpínlẹ̀ náà di 23. Ó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ìgboro. Wọ́n tún un yàn ní 1983. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún náà, ológun gba ìjọba. Wọ́n dá ìjọba ìbílẹ̀ 23 padà sí 8, nígbà tó sì di 1985, wọ́n fagi lé ọkọ̀ ojú irin náà. Kò sí ìgbà tí ará ìlú fúnra wọn fọwọ́ sí ètò náà gẹ́gẹ́ bí ètò. Ẹni tó ni ín lórí ni wọ́n dìbò fún. Nígbà tí ẹni náà lọ, ètò náà bá a lọ. Ọdún 2024 ni ọkọ̀ ojú irin ìgboro aláwọ̀ pupa, tó ń kọjá ní Agége àti Ìkẹjà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tí wọ́n fagi lé ti àkọ́kọ́ ti di ẹni ọdún 39 kó tó wọ ọ̀kan.

Ìlà ènìyàn, àti ìbò tí wọ́n fagi lé

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1991, bí wọ́n ṣe dìbò yàtọ̀. Kò sí ìwé, kò sí àpótí. Ènìyàn tò sẹ́yìn àwòrán ẹni tó fẹ́, wọ́n sì kà wọ́n lójú gbogbo ayé. Baálé ilé rí ẹ̀yìn ẹni tí ayálégbé rẹ̀ tò sí. Ọ̀gá rí ti ọmọ iṣẹ́. Ẹgbẹ́ méjì péré ni ìjọba Babangida fàyè gbà, SDP àti NRC. Gbogbo ènìyàn ló gbà pé SDP ni ó ni Èkó. Ṣùgbọ́n Dàpọ̀ Sarumí àti Fẹ́mi Agbálájọbí bára wọn jà dé ibi tí ìjọba fi yọ àwọn méjèèjì kúrò, wọ́n sì fi Yọ̀mí Èdú rọ́pò. Inú ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kò dùn. Michael Ọ̀tẹ́dọlá ti NRC ni ó wọlé. Àwọn olùdìbò fi hàn nígbà náà pé ilé ẹgbẹ́ kan kì í ṣe ilé baba ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993, wọ́n dìbò ààrẹ. Ẹni tó ń díje fún SDP, M. K. O. Abíọ́lá, ará Ìkẹjà ni ní ti ibùgbé. Ilé rẹ̀ wà níbẹ̀, ilé ìwé ìròyìn Concord rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ó ní ìbò 883,965; Bashir Tofa ti NRC ní 149,432. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, ìjọba ológun fagi lé ìdìbò náà. Àwọn ọ̀dọ́ àti òṣìṣẹ́ bọ́ sí ìgboro ní oṣù Keje, ọ̀pọ̀ sì kú. Abíọ́lá fúnra rẹ̀ kú sí àtìmọ́lé ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 1998.

Èyí ni ìgbà kan ṣoṣo nínú ìtàn agbègbè yìí tí "ta ni" àti "kí ni" di ìbéèrè kan ṣoṣo. Lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé e, ohun tí àwọn ènìyàn ń jà fún ti kọjá Abíọ́lá nìkan: ṣé ìbò wa ní agbára tàbí kò ní? Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ náà fi di ọjọ́ ìjọba àwaarawa ní Nàìjíríà, nípa ìkéde Ààrẹ Muhammadu Buhari ní 2018.

Ìjọba ìbílẹ̀ Ọgbà: ta ló mọ̀ ọ́n?

Ní 1996, ìjọba Abacha gé Ifákò-Ìjàyè kúrò lára Agége. Ìpínlẹ̀ Èkó di ìjọba ìbílẹ̀ 20. Nígbà tí ìjọba alágbádá dé ní 1999, òfin ìṣèjọba tuntun sọ bí a ṣe lè dá ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀. Ìpín kẹjọ rẹ̀ ni ó sún mọ́ òwe wa jù lọ: lẹ́yìn tí àwọn aṣojú agbègbè bá ti béèrè, a gbọ́dọ̀ ṣe ìbò bẹ́ẹ̀-ni tàbí bẹ́ẹ̀-kọ́ láàárín àwọn ará agbègbè náà, ìdá méjì nínú mẹ́ta sì gbọ́dọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn èyí ni ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ yóò fọwọ́ sí i, ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Àbújá yóò sì ṣe òfin tí yóò fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé.

Ìjọba Bọ́lá Tinúbú dá kánsù 37 mìíràn sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ di 57. Òjòdú, tí wọ́n gé lára Ìkẹjà, wà lára àwọn tuntun náà, Ọgbà sì bọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ bínú sí i, ó dá owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró ní 2004. Ọ̀rọ̀ dé Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2004, àwọn adájọ́ dá ẹjọ́ olójú méjì: ààrẹ kò ní agbára láti dá owó náà dúró, ṣùgbọ́n àwọn kánsù tuntun náà kò tíì pé láti jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, nítorí Àbújá kò tíì fọwọ́ sí wọn. Owó náà kò jáde títí Ọbásanjọ́ fi lọ. Ààrẹ Umaru Yar'Adua ni ó tú u sílẹ̀ ní 2007. Àwọn kánsù tuntun di èyí tí gbogbo ayé ń pè ní LCDA.

Látìgbà náà ni ará Ọgbà ti ń gbé nínú ilé olójúlé méjì. Bó bá di ìbò ààrẹ, gómìnà àti aṣòfin, wọ́ọ̀dù tó ń jẹ́ orúkọ Ọgbà wà nínú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìkẹjà. Bó bá di ìbò alága àti kánsẹ́lọ̀, Òjòdú ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá bi pé "Ìjọba ìbílẹ̀ wo lo wà?" lè dáhùn méjì, kó sì gba méjèèjì. Síbẹ̀, kánsù tí Àbújá kò mọ̀ yìí lágbára tó láti gbé ènìyàn ga: James Fálékè, tó ti ṣe alága Òjòdú, ni ó ń ṣojú Ìkẹjà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin láti 2011.

Owó ilẹ̀ àti ìdìbò abẹ́nú

Ọdún 2018 fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín California àti Ìkẹjà hàn kedere. Ìjọba Gómìnà Akínwùnmí Ambọ̀dé ṣe òfin tuntun lórí owó tí onílé ń san fún ìjọba, iye náà sì fò sókè. Onílé kò ní àpótí ìbò tó lè gbé ìbéèrè yìí sí. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò ẹ̀ka ti Ìkẹjà ṣe ìwọ́de, àwọn oníṣòwò náà pariwo, ìjọba sì dín iye náà kù. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi dìbò, kì í ṣe ìka. Ìwọ́de ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn ẹni tó lè fi iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ni ìwọ́de ń gbé jáde jù. Ìyá tó ń ta tòmátì ní Ọgbà, tí ìyálé rẹ̀ yóò gbówó lórí bí owó onílé bá lọ sókè, ọ̀rọ̀ náà kan òun náà.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ẹgbẹ́ APC ṣe ìdìbò abẹ́nú. Ambọ̀dé ní ìbò 72,901. Babájídé Sanwó-Olú ní 970,851. Nígbà tí ìdìbò gbogboogbò dé ní 2019, Sanwó-Olú wọlé pẹ̀lú ìbò 739,445. Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò lè gbé iye méjì yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́: ìbò tí wọ́n kéde fún un nínú ẹgbẹ́ kan ju èyí tó rí láti ọ̀dọ̀ gbogbo ará ìpínlẹ̀ lọ. "Ta ni" gan-an ti ń di ohun tí a ń parí ní ìyẹ̀wù kí ó tó dé ìta.

Ọdún 2023 àti àwọn tó jókòó sílé

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, ohun tí ọ̀pọ̀ kò rò ṣẹlẹ̀. Peter Obi ti ẹgbẹ́ Labour ní ìbò 582,454 ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Tinúbú ti APC, tí ó wọlé gẹ́gẹ́ bí ààrẹ, ní 572,606 níbẹ̀. Ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìkẹjà, níbi tí Tinúbú ti dìbò, Obi ní 30,004, òun ní 21,276. Ṣùgbọ́n ní Agége tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, APC ni ó borí. Ojú irin kan náà, ọ̀nà kan náà, ìdáhùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìkẹjà ni ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ láti gbogbo Nàìjíríà kó sí. Agége sì jẹ́ ibi tí ẹgbẹ́ APC ti ta gbòǹgbò láti ọjọ́ pípẹ́.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, wọ́n dìbò gómìnà. Sanwó-Olú ní 762,134, Gbádébọ̀ Rhodes-Vivour ti Labour ní 312,329. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìbò Labour ti lọ sílẹ̀ gan-an. Àwọn kan yí ọkàn padà. Ṣùgbọ́n àwọn alámòójútó ìdìbò, tó fi mọ́ àwọn tó wá láti Ìṣọ̀kan Yúróòpù, jẹ́rìí pé wọ́n dẹ́rù ba àwọn olùdìbò ní Èkó, pàápàá nítorí ẹ̀yà. Ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kó fò wá dá. Nígbà tó jẹ́ pé "ta ni" nìkan ni a ń bi ara wa, ó rọrùn kí ó di "ọmọ ta ni". Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ gọ́tà, owó ilé ìwé tàbí owó ilẹ̀ ni a gbé sórí ìwé, gọ́tà tó ń run ní Ọgbà kò mọ ẹ̀yà; imú Yorùbá àti imú Ìgbò ni ó jọ ń bọ́ sí.

Èyí tó burú jù ni àwọn tí kò jáde rárá. Ní 2023, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó ju 7,000,000 lọ. Ìbò ààrẹ tí ẹgbẹ́ mẹ́ta tó léwájú ní kò ju 1,230,810 lọ. Ní 1993, nígbà tí èrò kò tíì pọ̀ tó báyìí, SDP àti NRC ti ní 1,033,397 láàárín ara wọn. Ọgbọ̀n ọdún kọjá, èrò wọ́ wọ Èkó, ìbò fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sójú kan. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n dìbò kánsù: APC gba ipò alága 57 nínú 57, àti kánsẹ́lọ̀ 375 nínú 376. Àwọn kan yóò pe èyí ní ìfẹ́ ará ìlú. Àwọn mìíràn yóò sọ pé ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn ti mọ ìdáhùn rẹ̀ kì í mú kí ènìyàn dìde láti ilé.

Ìgúnlẹ̀

Ìbò bẹ́ẹ̀-ni tàbí bẹ́ẹ̀-kọ́ kì í ṣe oògùn gbogbo àrùn. Ìpinnu 1978 ní California dín owó-orí kù fún onílé, ṣùgbọ́n ó tún dín owó tó ń wọlé fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ àti ilé ìwé kù. Ará ìlú lè ṣì yàn, gẹ́gẹ́ bí gómìnà ṣe lè ṣì yàn. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn yóò mọ ibi tí ó ti ṣì í, yóò sì mọ ọ̀nà àtitún un ṣe.

Òfin Nàìjíríà mọ ìbéèrè "kí ni". Ó wà nínú ìpín kẹjọ lórí ìjọba ìbílẹ̀. Ó tún wà níbi tí òfin ti sọ pé ju ìdajì àwọn olùdìbò lè fọwọ́ sí ìwé láti pe aṣòfin wọn padà, kí ìbò sì parí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbìyànjú èyí ní Ìwọ̀-Oòrùn Kogí, ó kú síbi àyẹ̀wò ìfọwọ́sí ní 2018. Kò dé ibi àpótí. Òfin wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ìwé náà kò tíì rìn dé Ọgbà.

Ẹ padà sí òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń rò pé "olórí" inú rẹ̀ ni ọba, gómìnà tàbí alága. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Olórí inú òwe yẹn ni ẹni tó ni orí, ẹni tí abẹ yóò kàn. Láti ìgbà tí ìdìbò ti dé ọ̀dọ̀ wọn ní 1951 títí di òní, agbègbè yìí ti ń yan ẹni tí yóò di abẹ mú, ó sì ń ṣe é tìgboyà-tìgboyà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní kíláàsì kẹta àgbà ní Ọgbà lónìí yóò pé ọmọ ọdún 18 láìpẹ́, wọn yóò sì fún un ní ìwé ìdìbò àkọ́kọ́ rẹ̀. Kó mọ̀ pé àmì ẹgbẹ́ ni yóò rí lórí rẹ̀. Kó sì mọ ìbéèrè tí kò sí lórí rẹ̀, kó máa bi gbogbo olùdíje tó bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀: irú irun wo ni ẹ fẹ́ gẹ̀ fún wa, ta ni ẹ sì bi?